Ohùn Mi Lójú Òkun

Ọjọ́bọ̀, oòrùn ń wọ̀, Gberefu.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ èyí. Èmi ni mo ń sọ ọ́.

Sènà ọmọ mi ṣì wà lójú òkun. Ìgbì ti fọ́ ọkọ̀ méjì ní èbúté wa lónìí. Bí ó bá gúnlẹ̀ síbí, ó parí nìyẹn. Látìgbà tí ìjọba sójà ti sọ epo bẹntiróòlù di wúrà, ta ni yóò wa ọkọ̀ lọ dá a dúró?

Òpó kan wà ní Morogbo tó ń gba ohùn èèyàn, tó ń tún un sọ dé ọ̀nà jíjìn. Rédíò ọkọ̀ Sènà mọ òpó náà. Rédíò ilé wa kò mọ̀ ọ́n, ohùn wa kì í dé ojú òkun, àfi lọ́sàn-án yìí tí ìyàwó tẹ nọ́ńbà òpó náà sí i. Sènà kò mọ̀ pé a ti ṣe é.

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pè é. Ó tẹ tirẹ̀. A gbọ́ ẹ́ńjìnnì, a gbọ́ omi, kò sọ̀rọ̀.

Ìyàwó ní, "Ìyá, ó ń gbọ́ yín o! Kí ló pa á lẹ́nu mọ́?"

"Èmi ni."

Láti kékeré ni mo ti kìlọ̀ fún un: bí o bá gbọ́ ohùn mi lójú omi, níbi tí n kò lè dé, iwin ni. Má dáhùn.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Sènà, èmi ìyá rẹ ni, má gúnlẹ̀ sílé."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sọ fún un pé iwin yóò ṣe wí.