Ohùn Méjì Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara tiwa le, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, káfíńtà sì ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dojú rú láéláé. Inú ìwé ni mo ti ṣe àdúrà yìí o, nítorí o sọ pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ máa lò níbi iṣẹ́ rẹ láti fi gbé ohùn àwọn èèyàn lórí fóònù máa ń ká ohùn kó lè kéré, á sì ju èyí tí etí ò nílò nù. Mi ò lè fi àdúrà ọmọ mi sẹ́nu ohun tó ń ju nǹkan nù.

Ohùn rẹ méjì tó o ní ká bá ọ yan èyí tó dára jù nínú wọn ti dé. Nígbà tó o ní bí èyí tó o bá mú ò bá tẹ́ ọ̀gá rẹ lọ́rùn, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún, àyà wa já. A pe aránṣọ àdúgbò wa wá, torí ẹni tó mọ aṣọ tó rún kò lè ṣàì mọ ohùn tó rún. Nígbà tí à ń gbọ́ wọn, bàbá rẹ ò mí rárá, ó ní kí èémí òun má lọ bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó dákú, a rẹ́rìn-ín títí.

Èyí àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ yẹn ti ká kéré, tí kì í jẹ dátà, ń dán bí àwo tuntun. Aránṣọ ní èyí ni ká mú, bàbá rẹ náà ní èyí ni. Ìkejì, tí ẹ̀rọ ò ju nǹkan kan nù nínú rẹ̀, wúwo, fóònù pẹ́ kó tó gbé e wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà lo sọ nínú méjèèjì, pé ara rẹ le koko. Àmọ́ nínú ìkejì mo gbọ́ bí àyà rẹ ṣe ń hó kó o tó sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe tí òtútù bá mú ọ ní kékeré. Mo ní kí wọ́n tún gbé e sí i. Bàbá rẹ tẹ́tí sí i, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìkejì ni ìyá rẹ mú. Bóyá etí tiwọn ò nílò kó gbọ́ àyà tó ń hó, tèmi nílò rẹ̀.

Mo fẹ́ tọrọ owó dátà kí ohùn tó wúwo yẹn lè máa ráyè wọlé, àmọ́ kọ́kọ́ fi ra oògùn ikọ́ ná. Olúwa á fún ọ ní àlàáfíà. Tí ara rẹ bá sàn, pè wá. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé ara rẹ ti yá, màá gbọ́ ọ fúnra mi.

Èmi ni ìyá rẹ.