Rìmóòtù Tó Wà Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ

Relu ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí Corina aya rẹ. Ẹ kú ìjókòó sójú kan, ẹ kú ìfaradà ilé yín tó wà lókè téńté, níbi tí ẹ ti ń wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé bí ẹyẹ inú àgò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àrùn kòrónà yìí mọ ojúlé yín. Kí Màríà ìyá Olúwa fi aṣọ rẹ̀ bò yín. Ara tèmi le, ẹsẹ̀ òsì yìí nìkan ni kì í gbọ́ràn, kò sì gbọ́ràn rí.

Ohun tó mú mi tètè kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù, pé o ti ra rìmóòtù tuntun fún tẹlifíṣọ̀n wa ní Bukarẹ́stì níbẹ̀, o sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òkú sínú fóònù, torí mi ò mọ ibi tó ń gbà kọjá kó tó dé etí rẹ, mi ò sì mọ àwọn tó jókòó sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Lẹ́tà sàn. Èèyàn á fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ó parí.

Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, dúdú ni ọ̀kan, àfi etí kan tó funfun. Yìnyín já lé òdòdó igi ápù lórí, mi ò rò pé a óò rí èso jẹ lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ Àjíǹde, àlùfáà nìkan ló dá kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn ọlọ́pàá ló gbé iná Àjíǹde wá bá wa lẹ́nu géètì. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi sọ láti inú ìbòmú rẹ̀ pé Kristi ti jíǹde, mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé ó jíǹde lóòótọ́, torí kí ni ì bá tún sọ.

Kónílé-ó-gbélé yìí ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ibi báyìí ni mò ń lọ. Mo wá ibi tí wọ́n kọ ọkọ sí, n kò rí i. Wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n kọ oògùn, wọ́n tilẹ̀ kọ ajá. Mo wá fàmì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé ìtọ́jú ẹbí tí kò lè dá nǹkan ṣe. Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu afárá kà á, ó ní, Màmá, ta lẹ ń lọ tọ́jú? Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní níbo ló wà? Mo nawọ́ sí orí òkè, sí itẹ́ òkú. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó ní ṣé òun náà kò wá lè dá nǹkan ṣe lóòótọ́ ni? Mo ní nígbà tó wà láàyè gan-an, ta ló ń bá a wá ìbọ̀sẹ̀? Ó ní kí n máa lọ, kí n ṣáà fa ìbòmú mi bo imú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rìmóòtù ni mo fẹ́ sọ.

O rántí bí a ṣe tẹ́ bàbá rẹ sínú pósí. A kó ohun tó fẹ́ràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìyarun rẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀, sìgá, àti owó wẹ́wẹ́ tí yóò san fún àwọn oníbodè ojú ọ̀nà ọ̀run. Gbogbo ara rẹ̀ gbà fún wa àfi ọwọ́ ọ̀tún, tó ká kò bí ẹni tó di nǹkan mú, tó kọ̀ tí kò nà. Ìwọ lo sọ ọ́ pé rìmóòtù ló ń wá. A fi í sí i, ọwọ́ náà sì gbà á wẹ́kú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún.

Kò pẹ́ tí a bò ó mọ́lẹ̀ ni bọ́ọ̀lù dúró. Kì í ṣe tiwa nìkan, Relu. Ti Ítálì dúró, ti Spéènì dúró, ti Jámánì náà dúró, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì wábi gbà. Gbogbo ayé, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Bàbá Tudose aládùúgbò wa yọ orí lókè ọgbà, ó pariwo pé, Ìyá Relu, ṣé ẹ rí ohun tí ọkọ yín ṣe fún wa? Ó débẹ̀ tán, ó tẹ̀ ẹ́ pa! Ẹ sọ fún un kó tàn án padà o, àwa tó kù ò tíì wò ó tán! Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, o mọ̀ ọ́n. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo jókòó, mo bi ara mi pé, ọwọ́ ta ni rìmóòtù wà?

Láti ìgbà náà ni tẹlifíṣọ̀n ti dúró sójú ìkànnì eré ìdárayá tí bàbá rẹ fi í sí kẹ́yìn. Bọ́tìnì ara rẹ̀ ti kú tipẹ́, okùn iná nìkan ni mo fi ń tàn án tí mo fi ń pa á. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni wọ́n ń fi hàn láràárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń sáré níbẹ̀ ti di bàbá oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ báyìí, òmíràn tilẹ̀ ti kú, síbẹ̀ wọ́n ń sáré, irun wọn dúdú, kò rẹ̀ wọ́n. Mo máa ń wo ojú wọn. Ó dá mi lójú pé wọn ò mọ̀.

Nígbà tó yá, ohùn tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè fúnra rẹ̀. Mo ń bó ọ̀dùnkún nírọ̀lẹ́ kan, ohùn náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó lọ dúró síbi tí bàbá rẹ máa ń gbé e sí gan-an, ibi tí èmi àti rẹ̀ ti ń jà sí láti ọdún gbọọrọ wá. Nígbà tí ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́ wẹ́lo, bí òun náà ṣe máa ń ṣe é. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, Anghel, a kì í ṣe adití. Ohùn náà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnì kankan níta àfi Bàbá Tudose lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ápù.

Ibẹ̀ ló ń jókòó sí báyìí, torí òfin kò jẹ́ kó wọlé. Àtìgbà òtútù ni tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ti jóná. Ṣé o rántí pé ọjọ́ kan náà ni òun àti bàbá rẹ ra méjèèjì, irú kan náà, lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́jà tó gba abúlé kọjá? Ó máa ń ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀ nítorí òtútù, yóò máa wo tiwa láti ojú fèrèsé.

Àlùfáà sún ìrántí ogójì ọjọ́ bàbá rẹ síwájú nítorí Àjíǹde, ó ní a kì í sunkún òkú láàárín ọjọ́ ayọ̀, Anghel á dúró. Mo ní Anghel kò dúró de ẹnikẹ́ni rí àfi rẹfirí. Lẹ́yìn ogójì ni òkú máa ń kúrò nílé pátápátá, ìwọ náà mọ̀. Mo sì rò ó pé ohun tí a bá fi ṣe sàárà fún alààyè lórúkọ òkú, òkú náà ló ń gbà á lọ́hùn-ún. Bí búrẹ́dì bá ń dé, bí bàtà bá ń dé, kí ló dé tí bọ́ọ̀lù kò fi ní í dé? Mo gbé búrẹ́dì roboto, àbẹ́là, àti ìkòkò ọtí tsuíkà tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ pọn sí ojú fèrèsé. Mo ní, Bàbá Tudose, ẹ gbà, kó jẹ́ ti Anghel. Ó ní bogdaproste, kí Ọlọ́run dárí ji òkú, bí a ṣe ń dáhùn. Mo wá ní bọ́ọ̀lù tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yìí náà wà nínú rẹ̀. Ó yọjú wò ó. Ó ní, Ìyá Relu, èyí? Anghel ti mọ ẹni tó borí níbí kó tó mọ ilé bàbá yín! Ṣé búrẹ́dì tó ti hu ni ẹ fẹ́ gbé fún òkú?

Mo lọ sunkún nínú ilé ìdáná. Ó gbọ́ mi, ó ń bẹ̀ mí láti ojú fèrèsé, ó ní ẹ máà bínú, ẹnu mi yìí ló ń bá mi jẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé ní Bẹ̀lárùùsì wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, pé ó jọ pé níbẹ̀ wọn ò tíì gbọ́ pé ayé ti dúró. Ṣùgbọ́n orí ìkànnì mìíràn ló wà, a ò sì ní ohun tí a óò fi débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí itẹ́ òkú lónìí. Mo sọ fún un pé, Anghel, ọ̀la Sátidé ni ogójì rẹ. Bọ́ọ̀lù tuntun kan wà ní Bẹ̀lárùùsì tí o kò mọ èsì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni rìmóòtù wà, tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ.

Ṣé o wá rí i báyìí pé kò yẹ kí o fi tuntun ránṣẹ́? Bí tuntun bá dé, tèmi ni tẹlifíṣọ̀n á máa gbọ́. Òun á máa tẹ̀, á máa tẹ̀ níbẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn. O mọ bí ó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ bí a bá ṣe bí ẹni pé kò sí nílé. Mo dáwọ́ dúró síbí, àlìkámà ìrántí wà lórí iná.

Relu, ọjọ́ Ajé nìyí. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀.

Mo fi ṣúgà bo àlìkámà, mo tan àbẹ́là. Bàbá Tudose jókòó síta pẹ̀lú fìlà lórí. Tẹlifíṣọ̀n ń fi bọ́ọ̀lù àtijọ́ hàn. Oòrùn ti fẹ́ bọ́ sẹ́yìn òkè nígbà tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ó dákẹ́, tó pẹ́ tí mo fi rò pé iná ti lọ, ṣùgbọ́n gílóòbù kò kú. Lẹ́yìn náà ni pápá mìíràn yọ, ewéko rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, èdè tí wọ́n ń sọ kì í ṣe tiwa. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá a wọlé. Àwọn òǹwòran jókòó, Relu, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní ojú bí tèmi àti tìrẹ, ẹnì kankan nínú wọn kò sì mi, bí ère. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọn ò ṣẹ́jú. Ariwo díẹ̀ kan ń wá láti ibì kan, kì í ṣe ẹnu wọn ló ti ń jáde.

Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀kan jókòó ní ìlà kẹta, fìlà rẹ̀ dà bíi ti bàbá rẹ. Mi ò sọ pé òun ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó ká kò bí ẹni tó di nǹkan mú.

Mo ní kó jẹ́ ti Anghel. Nígbà tí mo yíjú, Bàbá Tudose ti ṣí fìlà, ó dìde dúró. Báyìí la ṣe wò ó títí rẹfirí fi fun fèrè ìkẹyìn, fèrè náà kò tíì dákẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi kú fúnra rẹ̀, bí bàbá rẹ ṣe máa ń pa á kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tó la ẹnu.

Nígbà náà ni Bàbá Tudose yọ rìmóòtù tirẹ̀ nínú àpò kóòtù, ó gbé e sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ó ní, Ìyá Relu, ẹ forí jì mí. Èmi ni mò ń gbé ohùn náà sókè. Mo rí i pé ẹ máa ń dá a lóhùn, ilé yín á sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi náà á máa gbọ́ bí ìgbà tí Anghel wà níbẹ̀. Mo ní ṣé òun ló wá tẹ ti òní? Ó ní mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, kò ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Mo ní Bàbá Tudose, ohùn náà ròkè lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ó ní, mo gbọ́ ọ. Èmi kọ́.

Ó lọ sílé kò mu tsuíkà rẹ̀ tán. O mọ̀ pé irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, orí ọgbà ló ti ń kí mi, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Èmi kò bẹ̀rù. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀rù, ọkọ mi?

Ṣùgbọ́n láti Sátidé, ohùn kò ròkè, kò sì lọ sílẹ̀. Mo ki okùn bọ iná, ìkànnì ti àtijọ́ ló tún wà níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin náà ṣì ń sáré. Mo sọ̀rọ̀ sí i, kò dáhùn. Àlùfáà ní ogójì ti pé, ó ti lọ. Èmi ní ó lè jẹ́ bátìrì.

Nítorí náà, tọ́jú rìmóòtù tuntun yẹn sí ilé rẹ. Bátìrì méjì tín-tìn-tín ni kí o bá mi rà, èyí tó máa ń pẹ́, kí o sì fi owó díẹ̀ kún un fún ìyẹ̀fun àti àbẹ́là ìrántí oṣù mẹ́fà. Mo fẹ́ fi bátìrì náà ṣe sàárà. Bàbá Tudose ni mo máa fún, ó ti gbà, ó ní òun á gbà á láti ẹ̀yìn ọgbà, òun á sì sọ bogdaproste sókè kó gbọ́ dáadáa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àjáde yín àti àbọ̀ yín, kí ilẹ̀kùn yín ṣí láìpẹ́, kí n fọwọ́ kan ojú rẹ kí òdòdó ápù mìíràn tó tàn. Mo ń fi okùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nínú iná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Saveta