Ògiri Pákó Tí Mi Ò Ní Kàn Padà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Warri níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹ ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ mi níbi iṣẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi kọ́. Mo kọ ọ́ síta kí gbogbo ẹbí lè yé méfò.

Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ òfin. Olùkọ́ wọn kan, ọmọ Urhobo, Madam Efe, ló pè mí. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún olùkọ́ bí ẹni ń sá fún ọlọ́pàá. Ó ní kí n tú ògiri pákó tó dábùú àárín ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ àti yàrá ìkàwé, kí n sì kan tábìlì roboto tí gbogbo wọn á jọ máa jókòó sí. Àwọn olùkọ́ kan fajú ro. Mo tú u. Kò pẹ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jiyàn òfin lórí tábìlì mi, tí òjò ń lu páànù lókè. Èmi tí n kò ní ẹni tí mo lè bá sọ Yorùbá, mo kàn máa ń dúró wò wọ́n ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo ń kan àga wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mẹ́ta gbé àdá wọlé, wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìyẹn ti rá wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn olùkọ́ yòókù bẹ́ gba ojú fèrèsé. Madam Efe nìkan ló jáde sí wọn. Ó pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ, ó bi í pé ṣé tábìlì tí àwọn jọ jókòó sí lánàá ló gbé àdá wá bá. Ìyẹn rẹ ọwọ́ àdá rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì rẹ̀ kò dúró gbọ́, ó ṣá Madam lápá, ẹran là, egungun hàn, ẹ̀jẹ̀ tú sí mi láṣọ. N kò mọ ìgbà tí mo fi òòlù gbá ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Ó ké bí ọmọdé, òun àti ẹnì kẹta wọn sì sá lọ. Ẹni tí Madam pe lórúkọ kò sá. Ó ju àdá sílẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi di apá obìnrin náà títí ọlọ́pàá fi wá mú un.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní kí n kan ògiri yẹn padà. Mo lọ bi Madam ní ọsibítù. Ó fi pijin dá mi lóhùn pé ká ní ògiri yẹn ṣì wà, ta ni ìbá mọ orúkọ ọmọ náà? Mo ní kí ọ̀gá wá káfíńtà mìíràn.

Otor-Udu lẹ́bàá Warri níbí ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ kò dùn mí. Igbe ọmọ tí mo ṣẹ́ lọ́wọ́ ni kò kúrò létí mi. Ìyá mi, tí ẹ bá ń gbàdúrà fún mi, ẹ fi òun náà mọ́ ọn, bí a ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé