Orúkọ Yín Lórí Káàdì Búlúù

Bàbá mi, tí mi ò kí dáadáa kí ẹ tó lọ,

Màámi ló ní kí n bi yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ní orílẹ̀-èdè Gánà tí ẹ ò dé rí. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí màá ṣe, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Màá to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ kí a to ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ keje rèé tí mo ti wà níbi tí ìjọ wa ti ń kọ́ àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rán wọn lọ wàásù fún ọdún méjì. Sàró ni wọ́n ń rán mi lọ. Ìjọ náà ni èyí tí ẹ máa ń pè ní “àwọn Mọ́mọ́nì yẹn”. Tí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó bọ́ awò ojú yín, ẹ ó fi etí bùbá nù ún, bó tiẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n fún olúkúlùkù wa ní ẹnìkejì, a ò sì gbọdọ̀ kúrò níṣojú ara wa, àfi tí ẹnì kan bá lọ wẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń sunkún. Ọmọ Làìbéríà ni ẹnìkejì mi. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó jókòó tì mí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

“Alàgbà, ojú ìwé kejì nìyẹn o. Ọmọge wo ni?”

“Bàbá mi ni.”

“Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.”

Ó kí yín, Bàbá. Mi ò sọ fún un pé ẹ ti kú.

Níbí, wọn kì í pe orúkọ tí òbí sọni. Orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n ń pè, wọ́n á wá fi “Alàgbà” ṣáájú rẹ̀, kódà fún ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n kọ ọ́ ní funfun sára pátákó dúdú kékeré kan tí à ń kọ́ sí àyà. Lọ́jọ́ tí mo dé, obìnrin tó ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá ké orúkọ náà, mo bá bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ni mò ń wá. Ní gbogbo Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn pè mí. Orúkọ yín ni.

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ bi mí léèrè nípa iṣẹ́ tí mo ṣe nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Kí a tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, a ò gbọdọ̀ bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Báyìí?” Ẹni tí ara ń ro lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohunkóhun. Ohun tí à ń bi í ni pé, “Kí lorúkọ yín?” Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pè é. Ìgbà yẹn la ó tó kọ ọ́ sára ìgò kékeré tí a fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí, níṣojú rẹ̀. Tí a bá kọ orúkọ sára ìgò ká tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì máa tọ́jú onítọ̀hún fún àìsàn tí kò ṣe é.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, ẹ̀yin lẹ sì ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi sínú ìwé ńlá yẹn. Mo wà ní kékeré, mo jókòó sí ẹsẹ̀ tábìlì yín, nígbà tí bàbá kan wá láti ìlú Ara pé kí ẹ kọ orúkọ ìyàwó òun tí kò bá òun wá. Ẹ fi bírò lélẹ̀.

“Wọn ò lẹ́nu ni?”

“Wọ́n lẹ́nu, Akọ̀wé. Kódà, ó ti pọ̀ jù.”

“Ó dáa. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹnu ọ̀hún wá.”

Èmi náà fẹnu ara mi pe orúkọ mi níwájú yín nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún yín pé mo ti tún ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ mìíràn. Ẹ ń gé èékánná lọ́wọ́. Ẹ ò gbójú sókè.

“Èyí tí a ṣe fún ẹ, ṣé kò lómi nínú ni?”

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé jù. Mo ṣàlàyé títí ẹ fi dìde, tí ẹ lọ fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀, sà” àti “ẹ kú iṣẹ́, sà” nìkan ló kù láàárín wa. Oṣù márùn-ún la fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ rí wò, ẹ̀jẹ̀ yín ru, ẹ sì ṣubú lójú ọ̀nà oko wa ní Sẹ̀kọ̀nà. Mi ò wọn ìfúnpá yín rí, Bàbá, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà wà nínú báàgì mi lójoojúmọ́. Mo máa ń gbé báàgì ọ̀hún ka orí tábìlì tí a ti jọ ń jẹun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kó ẹrù yín ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ṣí ìwé ńlá náà. Tí ẹnì kan bá ti lọ sí ìjọ mìíràn, ẹ máa ń fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀. Mo rí ìlà púpọ̀. Kò sí lórí tèmi. Ṣé ẹ gbàgbé ni? Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé nǹkan? Àbí ẹ ń retí mi ni?

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Ìjọ wa gbà pé ẹni tó ti kú ṣì lè gba ìrìbọmi, tí alààyè bá wọ omi ní orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ló ń ṣe é fún ọkùnrin. Wọ́n á pe orúkọ olóògbé, wọ́n á ri alààyè bọ omi, wọ́n á sì gbé e dìde. Kì í ṣe túláàsì. Olóògbé lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́. Àmọ́ ọdún kan gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀, tiyín sì ti pé bẹ́ẹ̀, ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tó wà láàyè sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Màámi nìyẹn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kúrò ní Ẹdẹ nígbà tí mo fi fóònù kún fọ́ọ̀mù tí a fi ń tọrọ ìrìbọmi náà. Ó dé ibi tí wọ́n ti bi mí bóyá Màámi gbà, mo sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Mi ò bi wọ́n. Wọ́n wà nílé ìdáná, mò ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ilá. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín wa. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n lè sọ pé rárá. Tí wọ́n bá sọ pé rárá, níbo ni mo tún ti máa rí yín? Èmi tí mi ò kọ orúkọ aláìsàn sára ìgò rí láìgbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo kọ orúkọ bàbá mi.

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára káàdì búlúù kan báyìí. Ó wà nínú ìwé mi. Lọ́la ni wọ́n máa kó wa lọ sí tẹ́ḿpìlì, àwọn tó bá mú káàdì ẹbí wọn dání ló sì máa kọ́kọ́ wọ omi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ wa ṣe bí àgbàlagbà tí a lọ wàásù fún nílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ iṣẹ́ níbí: ẹnì kan á ṣe bí onílé, àwa méjì á kanlẹ̀kùn. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo ti ṣe ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì mi kí wọ́n tó bí yín. Kí ló tún kù?” Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká yẹn ni mo tẹjú mọ́. Ẹnìkejì mi ló sọ̀rọ̀ dípò mi.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń jẹ́ ká pe ilé. Láàárọ̀ yìí, mo pe Màámi.

“Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?”

“Wọ́n ń fún wa, mà. Kẹ́ńkẹ́ la jẹ lánàá. Ó dà bí ẹ̀kọ, àmọ́ ó kan díẹ̀.”

“Ẹ̀kọ kíkan! Ìwọ tó ò ń ṣe yínmú sí ẹ̀kọ àná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ni mo bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà fún wọn. Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè kọjá níwájú ilé wa, mo sì mọ̀ pé fóònù ò tíì já.

“Kí lo sọ fún wọn pé mo sọ?”

“Mo ní ẹ gbà, mà.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni bi mí ni?”

“Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ gbà báyìí?”

“Èmi ni ìyàwó wọn, àmọ́ èmi kọ́ ni mo ni ẹnu wọn. Bàbá ẹ ni kó o bi.”

“Màámi, Bàbá ti kú.”

“Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi? Ta ló fọ aṣọ tí wọ́n bọ́ lọ́rùn wọn lọ́jọ́ yẹn? Mo ní kó o bi wọ́n.”

Mo ń bi yín, Bàbá. Ṣé kí n mú káàdì náà lọ? Ṣé ẹ fẹ́ ẹ? Láti aago mẹ́wàá ni mo ti ń fetí sílẹ̀ láàárín ariwo àwọn ẹ̀rọ tó ń fọṣọ. Ẹ sọ̀rọ̀. Kódà kí ẹ bú mi. Ẹ tún bi mí bóyá kò lómi nínú, mi ò ní ṣàlàyé mọ́, mo máa dákẹ́ kí ẹ lè sọ tẹnu yín tán.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Tí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀, ará ilé rẹ̀ là ń bi. Tí ará ilé bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, a ó sì dúró tì í.

Lọ́la, kí ọkọ̀ tó gbéra, màá fi káàdì náà lé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́, màá sì sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ó lè ní kí n máa lọ sílé. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa já mi sílẹ̀ ládùúgbò wa lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n á máa pariwo, “Mọ́mọ́nì dé o! Ṣé ọdún méjì ti pé ni?” Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni pé ohun tí mo gbà gbọ́ lè jẹ́ òótọ́, kó wá jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró sínú omi kí wọ́n máa pe orúkọ yín lé mi lórí, kí n sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò pè é.

Mi ò ní fa ìlà pupa sórí rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin náà ò fà á sórí tèmi. Màá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá wù yín, ẹ fẹnu ara yín pè é, màá kọ ọ́ níṣojú yín.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ṣì jókòó sí ẹsẹ̀ tábìlì yín.