Obìnrin Tí Wọ́n Bá Nílé

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbẹ́ Délé ni mo jókòó sí, lórí àpótí yín. Ó ti jẹun. Ẹ mọ̀ mí, n kò ní sùúrù bíi tiyín, ìdajì ògì yẹn ló dà sí mi láṣọ.

Ọ̀rọ̀ owó olùtọ́jú ló gbé mi wá, owó tí ẹgbẹ́ aláàánú yẹn ń fún yín lóṣooṣù nítorí àbúrò mi tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń yí i kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Mo fi iṣẹ́ ọ́fíìsì mi ní Àpápá sílẹ̀. Mo wá gba fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n fi orúkọ mi rọ́pò tiyín. Tí wọn ò bá gbà, mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n máa ti Délé mọ́lé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni mo ṣì í ṣe. Ẹ̀gbọ́n yín ní a ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ yín fún Délé, pé ẹni tí kò lè sọ ohun tó ń dùn ún, ìbànújẹ́ lè pa á. A sọ fún un pé ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Irọ́ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ọwọ́ mi kọ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ rìnrìn àjò.

Ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ ọjọ́ tí aṣojú wọn máa wá. Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ sí Ìjọra lọ ra pámpáàsì rẹ̀, tó ti wọ́n bí ojú ní àdúgbò wa. Mo ti Délé mọ́lé. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ilé ní wà lápò mi. Nígbà tí mo dé, mo bá ilẹ̀kùn bí mo ṣe tì í. Ṣùgbọ́n Délé ti wẹ̀. Àdín àgbọn ń dán lára rẹ̀, irun rẹ̀ sì yà sápá òsì bí ẹ ṣe máa ń yà á. Ẹ̀rù bà mí, orí mi wú.

Lánàá ni ìwé wọn dé. Aṣojú náà kọ ọ́ pé ìyá àgbàlagbà kan tó ró ìró búlúù ni òun bá tó ń wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nítorí náà kò sí ìdí láti pààrọ̀ orúkọ. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní ìyá náà ló ṣílẹ̀kùn fóun, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Màámi, ìró búlúù yẹn la fi sin yín.

Bàbá onílé ní àkúdàáyà kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú rí òun. Aṣojú yẹn kò mọ̀. Délé náà kò mọ̀. Ṣé ìdí nìyẹn tí n kò fi rí yín, èmi tí mò ń sunkún yín lójoojúmọ́? Ṣé ẹ ń bínú pé mo tì í mọ́lé ni?

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Mo kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹ ti kú. Aṣojú ń padà bọ̀, èmi ló sì gbọ́dọ̀ bá nílé, kí n lè máa wà pẹ̀lú Délé. Nítorí náà, màá sọ òótọ́ fún Délé náà lónìí; tó bá ti mọ̀, kò ní rí yín mọ́. Ó dùn mí, Màámi. Mo ń lé yín kúrò nílé ara yín.

Délé ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó ń wo ẹ̀yìn mi. N kò ní yíjú. Ẹ kọ́kọ́ kí i tán, kí n tó sọ fún un.

Èmi ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
tí kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn mọ́.