Ohùn Tó Pè Mí ní Àlàmú Nínú Géèmù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìdí agbada dòdò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Nímọ̀ àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì kí ẹ̀gbọ́n yín ní Àpòmù. Mo fi lẹ́tà náà síta kí ọmọ ilé mìíràn tó bá ṣe irú àṣìṣe mi lè rí i kà.

Nímọ̀ ní ẹ ń sọ pé mo ti gbàgbé ilé, pé ẹ pè mí ní ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, n kò gbé e. Ìgbà mẹ́rìnlá ni. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń kà á. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ni mo ń gbá ní Manchester níbí. Òtútù ti dé, ṣòkòtò méjì ni mo ń wọ̀ nínú ilé kí n má baà tan iná tó ń mú yàrá gbóná. Nínú ilé iṣẹ́ tí mo ń gbá, àwọn kan ń ṣe géèmù, eré orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń wá ẹni tí kò ta géèmù rí, tí yóò ta tuntun kan fún wákàtí mẹ́fà, tí yóò sì sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Owó wákàtí mẹ́fà yẹn ju owó ilẹ̀ gbígbá wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Mo ní mo ti dé.

Ìtàn ọmọ kan ni, tó padà sílé lẹ́yìn ọdún méje. Kò bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ìyá ń pè é láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìwọ tó ń ta á ni ọmọ náà. Kò sí iwin, kò sí ẹ̀jẹ̀. Àwo oúnjẹ kan wà lórí tábìlì, wọ́n dé e. Bí o bá jáde tí o padà wọlé, àwo ti di méjì. Ó di mẹ́ta. Nígbà tó di márùn-ún, ó yé mi pé àwo kan ni fún ọdún kan tí ọmọ ò fi wálé. Ọdún karùn-ún mi níbí sì nìyí.

Àṣìṣe mi ni pé nígbà tí wọ́n ní kí n tẹ orúkọ sí i, mo rò pé kí n fi orúkọ inú ìwé mi pamọ́. Mo tẹ Àlàmú, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì ń pè é. Ó kọ́kọ́ pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà kẹta, ó rọra pè é, ó sì dà bí ohùn yín.

Ó ní kí n dáhùn. N kò dáhùn. Ṣé ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ tí à ń bọ̀ láti oko Ìkirè-Ilé, tí mo gbọ́ orúkọ mi tí mo jẹ́ ẹ, tí ẹ fọwọ́ bò mí lẹ́nu pé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí? Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó. Obìnrin tó ń bójú tó àwa tí à ń ta géèmù náà bi mí bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo ní a kì í dá ẹni tí a ò rí lóhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wálé, ọmọ Ṣágámù tí a jọ ń gbálẹ̀, ń rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo rò pé kọ̀ǹpútà máa gbé mi lọ sí Ìkirè. Mo ní bó bá lè gbé mi débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, màá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá parí rẹ̀ kò ní gbowó. Mo dáhùn, Ìyá mi. Nítorí owó.

Mo kọ ọ́ fún wọn pé ìró rẹ̀ dáa, ìtàn rẹ̀ sì wọni lára. Mo kọ ọ́ pé wíwá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn gba wákàtí kan àbọ̀, ìdámẹ́rin gbogbo eré náà, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ní ìparí wọ́n mú ìyá náà jáde, ojú rẹ̀ wọ́, ẹ̀rù sì kúrò lára mi. Wọn ì bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n fẹ́ tà á. Pọ́n-ùn márùn-ún fún wákàtí kan. Èmi ò ní rà á.

Ohun tí n kò kọ ni pé lẹ́yìn tí mo dáhùn, ohùn náà dákẹ́. Mo wọ gbogbo yàrá inú géèmù náà, kò pè mí mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Bí mo ṣe délé, mo ṣí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Ẹ ní Àlàmú, ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá jẹ́ ẹ, tiyín náà á dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, ẹ má fi orúkọ mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ń ta odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Àṣejírè fún mi, àti iye tí ẹ ná an sí. Ẹ̀rọ kankan ò mọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá pè mí. Màá jẹ́ ẹ.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fi èrè sọ́wọ́ yín. Kò ní jẹ́ kí àwo oúnjẹ mi máa pọ̀ sí i lórí tábìlì yín; gbígbóná ni màá wá jẹ ẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtàwọn tí ẹ jọ ń ta dòdò létí títì.

Ọmọ yín,
Àlàmú