Kí N Tó Kó Lọ sí Abúlé Òtútù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo dé. Òtútù ti mú mi nímú kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ilé tí Rauha fẹ́ tà fún mi tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí n gbé inú rẹ̀ wò fún oṣù kan. Tó bá di ọjọ́ keje oṣù Èrèlé, kí n sọ bóyá mò ń rà á tàbí n kò rà á. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ooru a máa tan èèyàn jẹ níbí; inú òtútù ni kéèyàn ti dán ilé wò.

Saila ọmọ mi kọ ìwé kan, ó fi sínú àpò mi: "Ohun tí Mọ́mì gbọ́dọ̀ rò." Igi ìdáná. Omi ẹ̀rọ tó lè dì. Ọkọ̀ tó lè kọ̀ láàárọ̀. Dókítà — àádọ́rùn-ún kìlómítà. Òkùnkùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ò dáná igi rí láyé yín!" Òótọ́ ni. Orí àjà kẹrin ni wọ́n bí mi sí ní ìlú ńlá Turku, orí àjà kẹta ni mo ti di opó.

Láti ìgbà tí Pentti ọkọ mi ti kú, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Wọ́n ní ní abúlé, èèyàn kì í dá wà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Kì í ṣe yìnyín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá Àgbà kọ̀, kò jó. (Ààrò ni mo ń pè bẹ́ẹ̀.) Èéfín kún ilé, ojú mi pọ́n bí ata. Aago mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago méjì, ó ti ṣú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀! Èèpo igi tó gbẹ ni kéèyàn kọ́kọ́ fi sí i.

Mo ti ní ètò báyìí. Láàárọ̀, màá gbá yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn iwájú, màá gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn náà ti ilẹ̀kùn níta kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, màá wá gba ẹ̀yìn, níbi tí igi wà, wọlé sí ìdáná. Ó mọ́ tónítóní. Mo yin ara mi, nígbà tí kò sí ẹni tó máa yìn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Gbogbo ilé mẹ́rin yòókù ló ń dáná ilé ìwẹ̀ olóoru wọn lónìí. Òórùn igi tó ń jó gba gbogbo abúlé. Ti Rauha ti wó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní tirẹ̀, aládùúgbò á pè é. Mo ká aṣọ ìnura sórí àga, mo ń retí.

Ẹnikẹ́ni kò pè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá kan ń gbé lódìkejì ọ̀nà. Lempi ló wà lára àpótí lẹ́tà rẹ̀, Ìyá Kọ́tínì ni mo ń pè é, torí ojoojúmọ́ ni kọ́tínì rẹ̀ ń mì. Á ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún. Lónìí ó rìn wá títí dé géètì mi, ó gbé nǹkan tó fi aṣọ bò lọ́wọ́. Mo sáré gbé omi kọfí kaná. Nígbà tí mo padà sí ojú fèrèsé, ó ti kẹ́yìn sí mi, ó ń lọ sílé.

Kí ni mo ṣe fún un?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bọ́ọ̀sì ìwé, ilé ìkàwé tó ń rìn, dé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló máa ń wá. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta. Mo wọlé, ẹ̀rín dá.

Onni wà níbẹ̀ — òun ló ń wa katakata tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà. Ìka-Kan ni mo ń pè é, ìka kan ṣoṣo ló fi ń kí mi látorí sítíárì katakata. Ó béèrè pé ṣé mò ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ mi. Mo ní mò ń gbádùn rẹ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ìyá Kọ́tínì kò wo ojú mi, ó ń ṣí ìwé, ó ní, "Oníkálukú ló mọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe òun."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Lónìí náà. Àfi Màmá Àgbà tí mo bú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé

Saila pè. Ó ní kí n lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Mo ní àlejò kì í pe ara rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, agídí yín ti pọ̀ jù!"

Mo mú ìwé rẹ̀ jáde. Igi — mo ti mọ̀ ọ́n. Omi dì lẹ́ẹ̀mejì, mo yọ́ ọ. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Dókítà — n kò nílò rẹ̀ rárá. Òkùnkùn — ó ti mọ́ mi lára. Gbogbo rẹ̀ ni mo borí. Mo wá jókòó, mo sunkún. Òtútù kọ́ ni yóò lé mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo sọ fún Rauha pé n kò rà á mọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní tọkọtaya kan láti Oulu ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo di ẹrù. Mo fọ ilẹ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀ wọlé, mo fi sí kọ̀rọ̀. Ó parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án



Aago mẹ́jọ àbọ̀ — ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ẹnikẹ́ni kò kàn án o! Ìyá Kọ́tínì wọlé, ó ń gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì aládùn lọ́wọ́. Onni tẹ̀ lé e, ẹja yíyan lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ìyá Kọ́tínì ní, "Ó mà tó gẹ́ẹ́! Oṣù kan gbáko! A rò pé ìwọ ọmọ Turku yìí ò fẹ́ rí ojú èèyàn mọ́ láyé ni."

Mo ní, "Èmi kẹ̀, Màmá?"

Ó ní, "Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ìgbálẹ̀ bá ti wà lára ilẹ̀kùn, onílé ò sí nílé nìyẹn. Èéfín rẹ sì ń rú lójoojúmọ́! Ẹni tó wà nílé tó tún gbé ìgbálẹ̀ síta, ṣé ó fẹ́ àlejò? Ta ni ò mọ ìyẹn?"

Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣàlàyé atẹ́gùn, mo ṣàlàyé ọ̀nà ẹ̀yìn. Onni ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí mi.

Màmá ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé búrẹ́dì dé géètì rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e padà lọ jẹ. Wo bí ikùn mi ṣe rí!"

Mo rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ẹrù mi. Onni dìde kúrò lórí àpótí náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní mo ti fún Rauha lésì, Saila sì ń retí mi. Màmá kò bẹ̀ mí. Ó da kọfí fún mi, ó ní, "Rọra wakọ̀ o. Yìnyín ń yọ̀."

Mo wakọ̀ lọ. Ẹni tó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mí, agídí ni Saila ń pè é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Turku. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ilé gbóná. Omi ń ṣàn. Dókítà wà nísàlẹ̀ òpópónà. Mo mú ìwé Saila, mo kọ ọ̀kan kún un, lókè pátápátá: Ta ni yóò wọlé láìkànlẹ̀kùn?

Mo pe Rauha kí àwọn ará Oulu tó dé. Mo ní mò ń rà á, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ sọ fún òun, kí ló yí mi lọ́kàn padà lọ́jọ́ mẹ́rin péré?

Mo wo ẹnu ọ̀nà mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé ibí. N kò gbé ìgbálẹ̀ síbẹ̀ rí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wọlé.